Ìyá mi ò ṣarán o, ọjọ́ mẹ́rin péré ni gbogbo ẹ̀ fi dé

OmoYagbaRere

Òkun o, gbogbo ilé. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà, àmọ́ ohun tó ṣe ìyá mi ní Ìsánlú lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ torí ó kù díẹ̀ báyìí ká pàdánù wọn nítorí àìmọ̀. Ó gùn o, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ẹni ọdún 71 ni ìyá mi. Wọn ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò ní ṣúgà, oko ẹ̀gẹ́ wọn ni wọ́n ń lọ títí di Sátidé tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, ara wọn gbóná díẹ̀, a ní ibà ni, a ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Túsìdeè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irú ń jó. Pé ẹ lọ wo ìdí iná, irú ti jó mọ́ ìkòkò, ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn ni. Kò sẹ́ni tó gbé irú kaná. Àbúrò mi obìnrin wọ kíṣìnì lẹ́ẹ̀mẹta kó ṣáà lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Wẹ́sìdeè, wọ́n po ògì, wọ́n bu iyọ̀ sí i dípò ṣúgà, ìyẹn ò tíì burú, ta ni kò ṣe irú ẹ̀ rí, àmọ́ nígbà tí wọ́n sọ fún wọn wọ́n tún bu iyọ̀ míì sí i, wọ́n tún bù míì, bíi pé ọwọ́ yẹn kì í ṣe tiwọn. Wọ́n wá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ká ìró wọn. Wọ́n á ká a, wọ́n á tú u, wọ́n á tún ká a, bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tọ́sìdeè ni ẹnu wọn dàrú. Kì í ṣe pé wọn ò sọ̀rọ̀ o! Ọ̀rọ̀ ń jáde wooroworo, ohùn ń lọ sókè ó ń wá sílẹ̀ bí ẹni tó ń ròyìn ọjà, wọ́n tiẹ̀ ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, àmọ́ kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá, kì í ṣe Yàgbà, kì í ṣe Haúsá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àgbà kan ládùúgbò gbọ́, ó ní háà, Ọfọsì ti gùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ ò dàgbà sílé, àwọn obìnrin wa tí ẹ̀mí máa ń gùn tí wọ́n á máa sọ èdè tí ọkùnrin ò gbọ́ ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí ìyá mi sì wà lára wọn láyé ìgbà yẹn. Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo ènìyàn létí. Àwọn kan ti fẹ́ lọ wá àwọn ìyá tó kù tó mọ̀ ọ́n wá. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pásítọ̀ ní irọ́ ni, àdúrà àti ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni. Níbi tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ (mi ò ní dárúkọ ibẹ̀) wọ́n ní ṣebí àgbà ni, àgbà máa ń ṣarán, ẹ máa gbé wọn lọ ilé.

Àbúrò mi yẹn ló bú sẹ́kún. Ó ní ìyá tó ru ẹ̀gẹ́ wálé ní Sátidé, ṣé Tọ́sìdeè ló fi wá ṣarán?

Ìdájí Fúráìdeè, gìrì mú wọn. Apá ọ̀tún ń gbọ̀n, ojú yí sókè, wọ́n tọ̀ sára. A ò lè gbéra lóru nítorí àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí, a dúró kílẹ̀ mọ́, wákàtí mẹ́rin, ohun tó ṣì ń dùn mí nìyẹn. Ẹ̀gbẹ̀, Ẹ̀rúkù, Òmù-Àrán, a gba ibẹ̀ já sí Ìlọrin. Dókítà tó gbà wá, ọmọdébìnrin ni, ìbéèrè kan péré ló kọ́kọ́ bi wá: ọjọ́ mélòó ló fi yí padà? A ní mẹ́rin. Kò tún bi wá nípa ọjọ́ orí mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n ti fa omi ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn sínú dírípù kí èsì kankan tó jáde. Fáírọ́ọ̀sì ló wọ ọpọlọ wọn. Herpes simplex ni wọ́n pè é.

Ọjọ́ 21 la lò níbẹ̀. Wọ́n wà láàyè. Bí wọ́n ṣe wà báyìí, màá sọ ọ́ nísàlẹ̀ tí ẹ bá bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ṣàlàyé fún wa, torí èmi gan-an ò tíì lóye bí nǹkan yẹn ṣe débẹ̀.

AdukeMopa

Jésù o. Irú tó ń jó yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Bàbá mi pẹ̀lú, kí wọ́n tó kú lọ́dún 2016, wọ́n máa ń ní rọ́bà ń jóná, rọ́bà ń jóná. A máa ń fi wọ́n ṣe ẹ̀rín. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n lò. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ló wọ orí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ mọ́.

BabaOwe

Ẹ kú ewu ìyá o, ọmọ mi. Ọlọ́run á túbọ̀ fún wọn lókun. Àmọ́ mo fẹ́ sọ tèmi, ẹ má bínú. Ọmọ ọdún 66 ni mí, Kábbà ni mo ti dàgbà, mo rí àwọn Ọfọsì lójú mi. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ti òyìnbó. Ṣé herpes kọ́ ni nǹkan tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń kó láti ara obìnrin? Báwo ni ìyá ẹni ọdún 71 ṣe máa kó o? Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má lọ ba ìyá yín lórúkọ jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

NoosiAgba

Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, wọ́ọ̀dù àwọn àgbà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. BabaOwe, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ dá yín lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí àwọn ẹbí fi àìsàn yìí pamọ́.

Oríṣi méjì ni herpes simplex. Èkejì ni ẹ ń sọ, ti abẹ́. Èkíní, nígbà tí a wà ní kékeré la ti máa ń kó o, lára ìyá tó fẹnu kò wá lẹ́nu, lára ọmọ tá a jọ lo ife kan náà. Ẹ mọ egbò wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ ètè tí ibà bá mú ènìyàn, tí a máa ń sọ pé ibà ti ń jáde nìyẹn? Òun ni. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú àwọn tí kò tíì pé 50 ọdún láyé yìí, nínú mẹ́ta, bíi méjì ló ní i lára. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Tó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́, ó máa lọ sùn sínú iṣan ojú lẹ́bàá etí níbẹ̀, ó lè sùn 60 ọdún kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ìdí tó fi máa ń jí lọ́jọ́ kan tó sì gba iṣan yẹn lọ sínú ọpọlọ dípò kó jáde sí ètè, Ọlọ́run ló mọ̀. Kò wọ́pọ̀ o, ènìyàn 2 sí 4 nínú mílíọ̀nù kan lọ́dún ni. Àmọ́ àwọn tó ti lé ní 50 wà lára àwọn tó máa ń mú jù. Ibi tó sì fẹ́ràn nínú ọpọlọ ni apá tó wà nítòsí etí yìí. Ibẹ̀ la ti ń to ọ̀rọ̀ jọ, ibẹ̀ ni ìrántí ń gbé, ibẹ̀ náà ni òórùn ń gbà. Ẹ wá padà lọ ka ohun tí OmoYagbaRere kọ. Irú tó ń jó tí kò sí irú, ọ̀rọ̀ tó ń tú jáde tí kò ní ìtumọ̀, ọwọ́ tó ń ká ìró láìdúró. Bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìwé ni.

Àti ibà. Ibà ìyá yìí kéré. Ara àgbà kì í gbóná bíi ti ọmọdé, ìyẹn ló ń tan àwa òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá jẹ. Mi ò gbè sẹ́yìn àwọn tó ní kí wọ́n máa lọ ilé, mo kàn ń sọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ni.

OmoYagbaRere

Ẹ ṣeun mà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnìkan máa ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí. Ìyá mi máa ń ní egbò ètè yẹn lóòótọ́, gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá dé.

NoosiAgba

Egbò ètè ò túmọ̀ sí pé ó máa wọ ọpọlọ o, kí ẹnikẹ́ni má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ètè ara wọn nínú dígí lálẹ́ yìí. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ayé ló ní i.

IjumuBoy

Too late ma, mo ti wo tèmi 😂

Àmọ́ seriously ṣé ó máa ń ràn? Ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa ní Ìyàrá. Àti pé ẹ̀fọn ńkọ́, mo gbọ́ pé ẹ̀fọn kan wà tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì lọ sí ọpọlọ.

LabuLokoja

Jẹ́ kí n gba ìyẹn. Lábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja.

Èyí tó wà nínú ọpọlọ ìyá yẹn kò lè ràn ẹni tó ń tọ́jú wọn, ẹ má sá fún aláìsàn. Ti ẹ̀fọn tí o gbọ́, West Nile ni. Orúkọ ẹ̀ wá láti agbègbè kan ní Ùgáńdà níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lára obìnrin kan lọ́dún 1937. Ara ẹyẹ ló ń gbé, ẹ̀fọn tó ń yé sí omi gọ́tà ló máa ń gbé e láti ara ẹyẹ wá sára ènìyàn. Lọ́dún 1999 ló dé New York, gbogbo ayé wá pariwo ẹ̀, àmọ́ ọmọ Áfíríkà ni láti ilé. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó kó o, mẹ́jọ kì í mọ̀ pé nǹkan kan ṣe àwọn. Bíi ẹnìkan nínú 150 ló máa ń débi ọpọlọ, àmọ́ fún ẹni tó ti lé ní 60, ó máa ń tó ẹnìkan nínú 50. Kò ní oògùn, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ènìyàn. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti gọ́tà tó mọ́ ni gbogbo ẹ̀. A kì í sábà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ níbí nítorí náà gbogbo ẹ̀ la máa ń pè ní ibà.

Lassa náà wà o. Ìlú Lassa ní Bọ̀rnó ni orúkọ ẹ̀ ti wá, 1969. Kogí wa yìí máa ń rí i, Ọ̀wọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Eku ilé ló ń gbé e kiri. Ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń rántí tí wọ́n bá gbọ́ Lassa, àmọ́ ó máa ń da orí rú, ó ń fa gìrì, àwọn míì á gbádùn tán etí wọn á di. Òun ni èyí tó ń ràn ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gan-an, nítorí náà tí ibà àti ẹ̀jẹ̀ bá pa pọ̀, ẹ má fọwọ́ lásán kan an.

Àti ajá. Ẹ má gbàgbé ajá. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, àgbà ni o ọmọdé ni o, ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Dìgbòlugi tó bá ti dé ọpọlọ kò ní ẹ̀rọ̀ mọ́.

BabaOwe

Mo gbọ́ àlàyé, mo sì dúpẹ́. Nípa ti egbò ètè, mo gba àṣìṣe mi. Àmọ́ omi ẹ̀yìn tí wọ́n ń fà yẹn ni mi ò lè gbà láéláé. Mo mọ ọkùnrin kan tí wọ́n fa omi ẹ̀yìn rẹ̀, láti ọjọ́ náà kò rìn mọ́. Wọ́n gbé e wọlé tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n gbé e jáde tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti rọ. Ta ló máa gbà kí wọ́n gún ìyá òun ní abẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn?

LabuLokoja

Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń bá àwọn ẹbí jà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan tí ojú lè rí ṣàlàyé. Ọ̀pá ẹ̀yìn gígùn yìí, okùn ọpọlọ tó gba inú ẹ̀ kọjá kò dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní ìwọ̀n ibi tí ìhà parí sí, díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ló ti tán. Lábẹ́ ibẹ̀, àwọn iṣan tín-ín-rín ló kù tí wọ́n ń léfòó nínú omi bí ìrù ẹṣin. Ìsàlẹ̀ yẹn ni abẹ́rẹ́ ń wọ̀, ìgbáròkó ni wọ́n máa ń fọwọ́ wọ̀n kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa gún. Tí abẹ́rẹ́ bá wọ inú omi, iṣan máa ń yẹ̀ fún un. Orí lè fọ́ ènìyàn ní ọjọ́ méjì mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, òótọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá sì fura pé ọpọlọ ti wú jù, wọ́n á kọ́kọ́ ya àwòrán orí kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn.

Ọkùnrin tí ẹ mọ̀ yẹn, mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀ lé e. Ohun tí mo máa ń rí ni pé aláìsàn tí àìsàn ẹ̀ ti wà ní ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fa omi fún, ẹsẹ̀ tó máa rọ ti ń rọ bọ̀, abẹ́rẹ́ ló wá jẹ́bi.

Ohun míì. Tí wọ́n bá fa omi yẹn ní ọjọ́ kìíní tàbí èkejì, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan, kó sì wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń tún un fà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó gbọ́n kì í fi dúró de èsì wa. Ẹ̀rọ tó ń ṣe àyẹ̀wò yẹn ò tiẹ̀ sí ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á fi ránṣẹ́, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan.

AbikeAyetoro

Ẹ jọ̀ọ́ oògùn yẹn, kí ni orúkọ ẹ̀? Ká lè rà á sílé. Mo ní ìyá àti ìyá ọkọ, àwọn méjèèjì ti lé ní 75.

NoosiAgba

Ìbéèrè tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Acyclovir ni. Mo ń sọ orúkọ ẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ ọ́n tí dókítà bá dárúkọ ẹ̀, kì í ṣe kí ẹ lọ rà á sílé. Hóró ẹ̀ wà ní kẹ́míìsì lóòótọ́, fún egbò ètè àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Hóró kò tó fún ọpọlọ rárá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gba inú ikùn wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa gbé e mì, ẹ máa rò pé ẹ ń tọ́jú, ọjọ́ á máa lọ. Inú iṣan ni ti ọpọlọ ń gbà. Wọ́n á wọn kílò aláìsàn, mílígíráàmù 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, ọjọ́ 14 sí 21. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, bíi wákàtí kan fún ẹ̀kan, pẹ̀lú omi tó pọ̀, torí ó lè ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín àgbà ò sì lágbára. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n lè dín in kù tó bá yẹ.

Kí oògùn yìí tó dé, nínú mẹ́wàá, méje ló ń kú. Obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Gertrude Elion, wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn bí i, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1988. Ní báyìí tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, bíi méjì nínú mẹ́wàá ló ń kú, àmọ́ ti àgbà máa ń ju ti ọ̀dọ́ lọ, àwọn tó yè náà kì í sábà padà sí bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́. Bí a bá ṣe ń fi ọjọ́ falẹ̀ ni ọpọlọ ń jẹ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin tí ẹbí yìí lò láàárín oògùn ibà, Ọfọsì, àdúrà àti ẹ máa lọ ilé, ọjọ́ mẹ́rin ọpọlọ ni.

BabaOwe

Èmi ò sọ pé kí wọ́n má lọ ọsibítù. Mo ní kí wọ́n ṣe méjèèjì.

OmoYagbaRere

Kí wọ́n gbàdúrà nínú ọkọ̀ sà. Ọ̀nà Ìsánlú sí Ìlọrin gùn tó, wọ́n á ka gbogbo Sáàmù tán.

AdukeMopa

😂😂 ọlọ́run má bínú. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

AbikeAyetoro

Ó dáa mà, mi ò ní rà á. Kí n tún bi yín nípa nǹkan kan. Ìyá ọkọ mi, ìléròrò yọ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí lọ́dún tó kọjá, láti iwájú orí wá sí ìpéǹpéjú, apá òsì nìkan, ó tò bí ẹni ta epo gbígbóná sí i, ó ń ta wọ́n bí iná. Wọ́n ní wọ́n ta á sí wọn ni, pé wọ́n gba ojú alẹ́ kọjá níbi kan. Kó tó jinná orí wọn dàrú fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lọ fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì ni apá kan rọ, wọ́n ní stroke. Ṣé wọ́n jọ ní nǹkan ṣe?

NoosiAgba

Ó ṣeé ṣe gan-an, ìyàwó wa. Ẹbí herpes kan náà ni, àmọ́ èyí tó ń fa ṣíkìnpọ́ọ̀sì lára ọmọdé ni. Òun náà kì í jáde lára. Tí ènìyàn bá darúgbó tí agbára ara bá wálẹ̀, ó máa ń jí, á tẹ̀lé iṣan kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà lápá kan tí kì í kọjá àárín ara. Òyìnbó ń pè é ní shingles. Nígbà tó bá wà ní orí tàbí ojú, ó lè wọ ọpọlọ, ó sì lè wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ, kí stroke wá tẹ̀lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Oògùn kan náà ló ń gbà. Tó bá ti súnmọ́ ojú, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lọ, kí ojú má baà fọ́. Ní Amẹ́ríkà ẹni tó bá ti pé 50 ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú stroke wọn gbọ́ pé ìléròrò yẹn ṣẹlẹ̀, ẹ má ro pé kò kàn án.

TayeBunu

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíá. Mò ń ka thread yìí lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi pè láti Olle pé bàbá wa ò dá òun mọ̀ mọ́. Ẹni ọdún 78. Àná wọ́n dára. Láàárọ̀ yìí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú, wọ́n ń làágùn yọ̀bọ̀, wọ́n ń bínú, wọ́n ju ife omi mọ́ ọn. Ṣé fáírọ́ọ̀sì yìí ni?

NoosiAgba

Ṣé wọ́n ní ṣúgà? Kí ni wọ́n jẹ lánàá?

TayeBunu

Wọ́n ní ṣúgà, wọ́n ń lo hóró. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọn ò jẹun alẹ́, inú ò dùn sí wọn, àmọ́ wọ́n lo oògùn.

NoosiAgba

Pè wọ́n padà báyìí. Tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì dáadáa, kí wọ́n po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta mẹ́rin sínú omi fún wọn mu, tàbí mínírà, kì í ṣe èyí tí kò ní ṣúgà. Tí kò bá lè gbé e mì, ẹ má rọ nǹkankan sí wọn lẹ́nu, ẹ fi oyin tàbí ṣúgà ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn nínú. Ẹ gbé wọn lọ Kábbà, kí wọ́n gún ìka wọn wò kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Kódà tó bá yá, ẹ máa lọ.

LabuLokoja

Gbé hóró oògùn yẹn dání. Páálí ẹ̀ àti gbogbo ẹ̀.

TayeBunu

Wọ́n ti dé Kábbà. Ṣúgà wọn wà ní 38, ó ti wálẹ̀ jù. Wọ́n fi dírípù sí i, ẹ̀gbọ́n mi ní kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n lajú tí wọ́n ní "kí ló gbé mi débí, ta ló ń ṣọ́ ewúrẹ́ mi." Mò ń sunkún ní ọ́fíìsì báyìí. Wọ́n dá wọn dúró di ọ̀la torí wọ́n ní oògùn yẹn lè tún fà á wálẹ̀. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun púpọ̀.

NoosiAgba

Ọlọ́run ṣeun. Ẹ wò ó, kì í ṣe gbogbo orí tó dàrú lójijì ni fáírọ́ọ̀sì. Ṣúgà wà níbẹ̀, ìtọ̀ tó bàjẹ́ wà níbẹ̀, iyọ̀ ara tó wálẹ̀ wà níbẹ̀, ibà gan-an ń da orí rú, stroke wà níbẹ̀, oògùn oorun tí ọmọ kan rà fún wọn wà níbẹ̀. Mi ò retí kí ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn nílé. Arán lóòótọ́ ń gba oṣù àti ọdún kó tó dé, á máa yọ́ wọlé, wọ́n á gbàgbé ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí, wọ́n á tún ìtàn kan sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tó bá dé láàárín ọjọ́ méjì sí ọ̀sẹ̀ kan, ohun kan ló ń lu ọpọlọ níbẹ̀. Ẹ sọ iye ọjọ́ fún dókítà kí ẹ tó sọ iye ọdún.

IjumuBoy

Mo ti kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sórí ògiri kíṣìnì, ìyàwó mi ní kí ni wèrè tí mò ń kọ sára ilé yìí.

BabaOwe

OmoYagbaRere, báwo ni ìyá wà báyìí? O ní wàá sọ.

OmoYagbaRere

Ẹ ṣeun sà, mo ti gbàgbé.

Wọ́n ti wà nílé. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń wẹ̀ fúnra wọn. Oko la ò tíì jẹ́ kí wọ́n lọ, torí gìrì, wọ́n ṣì ń lo oògùn ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀rọ̀ ti padà àmọ́ orúkọ nǹkan máa ń sọnù. Iṣu ni wọ́n ń pè ní "èyí tí à ń gún yẹn", àbúrò mi ni wọ́n ń pè ní orúkọ ìyá wọn tó jẹ́ Ọfọsì, ìyẹn ń rí bákan fún gbogbo wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá wọn ò rántí, ìgbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọ́n rántí aṣọ tí gbogbo ènìyàn wọ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé tí ìwà wọn bá tún yí láàárín oṣù mélòó kan, ká má dúró, pé nígbà míì lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì bá ti lọ, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn á dojú kọ ọpọlọ, òun náà sì ní ìtọ́jú tiẹ̀.

Ẹ̀rù yẹn ló wà lára wa ní Sọ́ńdè tó kọjá yìí. A jókòó ní páálọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ọmọ ló wà nílé. Ìyá mi dákẹ́, wọ́n gbé imú sókè, wọ́n ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rọra bi àbúrò mi bí ẹni tó ń bi ní àṣírí: "Ṣé èmi nìkan ni, àbí irú ń jó?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi pásítọ̀ ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Àfi ìgbà tí ìyàwó ẹ̀ pariwo "yéè, ọbẹ̀ mi!" tó sáré wọ kíṣìnì. Irú ń jó lóòótọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ìkòkò dúdú bí ẹ̀dú. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n ní kí wọ́n gbé ìkòkò náà wá kí àwọn wò ó.